Sítátà Ló Mú Mẹkáníìkì Wá Sílé: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ́ Lọ́rì láti Èbúté Ìkòròdú dé Ìgbògbò

Lọ́rì tó bá ń mu epo jù ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá mẹkáníìkì. Èyí tí jíà rẹ̀ le, tí síláńsà rẹ̀ ń pariwo, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì dáadáa, gbogbo wọn ló lè dé ibi àtúnṣe bí awakọ̀ bá fara balẹ̀. Bátìrì tó kú ṣeé yọ, ó sì ṣeé gbé lérí lọ fún ẹni tó ń fún bátìrì lágbára lẹ́bàá títì. Sítátà, tí àwọn mìíràn ń pè ní kíkì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá kọṣẹ́ sílẹ̀, ibi tí ọkọ̀ sùn sí ni ọkọ̀ máa wà. Ẹni tó máa tún un ṣe ló gbọ́dọ̀ dìde, kó kó sípánà sínú àpò, kó wá bá a nílé. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín nìyẹn: iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ tó ń wáyé nínú ọgbà ilé, lábẹ́ igi, lórí páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òṣì nìkan kọ́ ló bí i. Àbùdá irin kan ló fà á, ilẹ̀ tí a ń gbé ló tì í lẹ́yìn, ètò ìkọ́ṣẹ́ tí a ti ní ló sì sọ ọ́ di ìmọ̀ gidi. Ìmọ̀ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa báyìí, ó sì yẹ ká mọ bó ṣe dé kó tó lọ tán.

Ìgbògbò wà lápá ibi tí ilẹ̀ Ìkòròdú ti ń sún mọ́ ọ̀sà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Bàyékù. Ìlú ọlọ́ba ni, Adébóruwà ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀. Láti ọdún 2003, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀, Ìgbògbò àti Bàyékù ti ní àgbègbè tiwọn. Àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde ń ra ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́lé. Ilé kíkọ́ kò sì ṣeé dá sọ láìsọ iyanrìn, òkúta àti búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn kò ní fẹsẹ̀ rìn wá láti etí ọ̀sà. Típà ló ń gbé e. Púpọ̀ nínú àwọn típà tó ti pẹ́ lórí iṣẹ́ yìí jẹ́ Mercedes tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí 911, ẹ̀yà kan náà tí wọ́n kan ilé irin lé lórí láti fi ṣe mọ́lúè ní Èkó. Orúkọ náà kì í ṣe àmì lásán. Nínú ètò ìkà tí ilé iṣẹ́ náà ń lò nígbà náà, 9 dúró fún ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù lè jọ wọ̀n, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin 110. Ọmọ ìyá rẹ̀, 1113, jẹ́ tọ́ọ̀nù 11 àti agbára ẹṣin 130.

Ọdún 1959 ni àwọn ará Jámánì gbé irú lọ́rì onímú kúkurú yìí jáde. Kí ibi ẹrù lè gùn, kí ọkọ̀ má sì gùn jù, wọ́n ti ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn débi pé apá kan rẹ̀ wọ inú ilé awakọ̀. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni sítátà máa ń wà, níbi tí eyín rẹ̀ ti lè kan eyín àgbá irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ibi tó ṣókùnkùn jù lọ, tí kò sí àyè fún apá, tí epo àti eruku ọdún pípẹ́ ti dì mọ́, ibẹ̀ gan-an ni irin tó lè dá ọkọ̀ dúró yìí wà. Ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà ní Jámánì mọ̀ pé lọ́rì tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ yóò dé ilé iṣẹ́ tó ní kòtò àbẹ̀wọ̀, tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè. Ọkàn rẹ̀ kò lọ sí ọgbà ilé kan ní Ìgbògbò. Àlàfo tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti rò ó àti ibi tí a ti ń lò ó ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn wa ti wú jáde.

Kí sítátà tó dé, ọwọ́ ènìyàn ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Irin gígùn kan tó ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, wọ́n á sì fi gbogbo agbára yí i. Bí iná bá ta ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnnì á ta padà, irin náà á sì lè ṣẹ́ apá tàbí àgbọ̀n ẹni tó dì í mú. Charles Kettering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dayton, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe sítátà oníná tí Cadillac fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó ni Cadillac. Ford Model T, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1908, tó sì wọ́pọ̀ gan-an ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kò ní sítátà oníná títí di 1919, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń yí púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn ìgbà náà pàápàá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọmọ ọkọ̀ ló ń jí ọkọ̀. Òun náà ló ń gbé igi tí wọ́n ń sọ sábẹ́ táyà kí lọ́rì má bàa yí padà sẹ́yìn lórí òkè. Kò sí ẹni tí awakọ̀ ní láti ránṣẹ́ pè kí ọkọ̀ tó gbéra. Agbára àti ìmọ̀ ìjí-ẹ́ńjìnnì wà nínú ọkọ̀ náà, lára àwọn tó ń bá a rìn.

Àwọn tó kọ́kọ́ mọ inú ẹ́ńjìnnì láàárín wa ti ọ̀nà mélòó kan wá. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ilé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní iṣẹ́ irin tí wọ́n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1906, a nílò ẹni tó lè tọ́jú mọ́tò. Ní Èkó, W. A. Dawodu, ọmọ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ń kó ọkọ̀ wọlé, ó ń tún un ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Ogun Àgbáyé Kejì tún kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun. Díẹ̀ nínú àwọn tó lọ jà ní Bọ́mà padà wálé gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ àti alátùn-únṣe ọkọ̀.

Ní ti Ìkòròdú, omi ló ṣe ìpinnu ọ̀rọ̀. Ìlú náà ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà láàárín Rẹ́mọ àti Èkó láti ayé àwọn alájàpá. Nígbà tí lọ́rì dé, kò yí èyí padà lọ́gán. Lọ́rì ń kó ẹrù wá láti Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú Òde àti Ìbàdàn títí dé èbúté, ẹrù á bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e sọdá sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ṣe jẹ́ òpin ọ̀nà fún ẹrù tó ń ti òkè bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ta ọkọ̀, tó ní irinṣẹ́ àti ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun, Èkó ni wọ́n fìdí sọlẹ̀ sí. Lọ́rì tó kọ̀ tí kò jí ní Ìkòròdú kò lè gun orí omi lọ bá wọn. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí, tàbí kí ẹ̀yà náà wọ ọkọ̀ ojú omi nìkan, kí ọkọ̀ dúró dè é. Mo gbà pé níbi tí ọ̀nà bá ti parí sétí omi, ibẹ̀ ni mẹkáníìkì adúgbò ti wúlò jù. Lẹ́yìn tí títì ilẹ̀ ti so Ìkòròdú mọ́ Èkó, ojú ọ̀nà náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà kọjá nípasẹ̀ Ṣàgámù, kí wọ́n tó ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ọ̀pọ̀ ọdún ni lọ́rì fi ń bàjẹ́ ní ojú ọ̀nà yìí, tí ọwọ́ sì ń mọ́ ọn.

Lọ́rì tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù nígbà náà ni Bedford, tí ilé iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1931. Orí rẹ̀ ni wọ́n kan ilé pákó lé tó di bọ́lẹ̀kájà. Ó ní sítátà, ṣùgbọ́n ihò irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì ṣì wà níwájú àwọn tó jẹ́ ti àtijọ́. Epo bẹtiróòlù ni wọ́n ń mu, ọkùnrin méjì tó lágbára sì lè yí wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà iná wọn ti ọwọ́ Lucas ní Birmingham wá, nígbà tí CAV, tí Lucas rà ní 1926, gbajúmọ̀ nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Dísẹ́ẹ̀lì ló ti ilẹ̀kùn ọwọ́ pa pátápátá. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Fífún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi gbóná kọjá ààlà ló ń mú epo rẹ̀ jó, irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ sì kọjá agbára apá ọmọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá ní láti so bátìrì méjì pọ̀ kí agbára iná wọn lè di fóòltì 24 kí sítátà tó lè yí wọn. Nígbà tí Mercedes onídísẹ́ẹ̀lì gba ipò Bedford lójú títì, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ẹnìkan kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí: agbára ìjí-ọkọ̀ kúrò lára ọmọ ọkọ̀, ó wọ inú àgbá irin kékeré kan tí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ọkọ̀ wá nílò àlejò kí ó tó lè kúrò nílé.

Àlejò náà ni réwáyà. Ní ilé iṣẹ́ òyìnbó, òṣìṣẹ́ kan lè yọ sítátà kó sì tún un ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ pín sí ọ̀nà púpọ̀: mẹkáníìkì ń mójú tó ẹ́ńjìnnì, réwáyà ń mójú tó iná, páńẹ́lì bítà ń na ara ọkọ̀, fọkanáísà ń lẹ táyà, ẹlòmíràn ń jó irin pọ̀, ẹlòmíràn sì ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Olúkúlùkù ní ọ̀gá, ó ní ọmọ iṣẹ́, ó ní ìwé àdéhùn àti ọjọ́ ìgbòmìnira tí a ń pè ní fíríìdọ́ọ̀mù. Archibald Callaway, tó ṣe ìwádìí nípa àwọn iṣẹ́ kéékèèké ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọ ọ́ ní 1964 pé ètò ìkọ́ṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ti ní fúnra wa, tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1985, tẹ̀lé àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó tó di mẹkáníìkì ní Ilé-Ifẹ̀. Owó kòkó bàbá ló di owó ìkọ́ṣẹ́ ọmọ. Àwọn ẹ̀rí méjèèjì yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí mò ń sọ, nítorí wọ́n fi hàn pé àwọn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ẹni tí ìyà kàn gbá jọ síbẹ̀. Ẹbí náwó lé wọn lórí, wọ́n sì ka ọdún mọ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti fara hàn. Réwáyà tó mọṣẹ́ kì í sáré wọ abẹ́ ọkọ̀. Yóò kọ́kọ́ ní kí awakọ̀ tan iná iwájú, kó sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá rẹ̀ sílẹ̀ tí sítátà sì ń dún tá-tá-tá, bátìrì ló rẹ̀, tàbí orí bátìrì ló dípẹtà, tàbí wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ló tú. Bí iná bá mọ́lẹ̀ gbáà tí sítátà dún lẹ́ẹ̀kan péré tí kò yí, a jẹ́ pé inú sítátà ni ẹjọ́ wà. Bí ó bá ń yí lásán tí ẹ́ńjìnnì kò bá a yí, eyín rẹ̀ ni kò kan eyín àgbá ńlá. Gílóòbù kékeré kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ ló fi ń wá ibi tí iná dé àti ibi tí kò dé. Ọ̀pọ̀ sítátà tó sì sàn ni wọ́n ti yọ lásán, tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò, nígbà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tó tú ló fa gbogbo wàhálà.

Lẹ́yìn èyí ni yíyọ. Wọ́n á sọ igi sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà, wọn kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, nítorí jáàkì tó yẹ̀ kò mọ ọ̀gá. Wọ́n á yọ orí bátìrì tó wọ ara ọkọ̀ kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí pé wáyà ńlá tó ti bátìrì wá sí sítátà kò sábà ní fíúùsì kankan lójú ọ̀nà. Sípánà tó bá kan án tó tún kan ara ọkọ̀ á pupa bí ẹyin iná lójú ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rọrùn. Ti òkè ni ojú kò tó. Ọwọ́ ló ń ríran níbẹ̀: ìka á kọ́kọ́ wá orí bọ́ọ̀tì, á fi sípánà bò ó, á yí i díẹ̀, á tún un dì mú, ìdámẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá fẹ́ bọ́, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ ti gbé ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí sítátà lọ́rì wúwo, àyà ẹni tó dùbúlẹ̀ ló sì máa já lé. Irú ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ fún ọkọ̀, nítorí ẹni tó kọ ìwé náà rò pé wọn yóò ti gbé lọ́rì sókè, pé ìmọ́lẹ̀ yóò sì wà.

Bí wọ́n bá tú u, ọ̀rọ̀ á tún ga sí i. Kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ lè ti jẹ tán. Bí kò bá sí irú rẹ̀, réwáyà á mú ti ọkọ̀ tó tóbi jù ú, á sì fi fáìlì gé e kó lè wọ̀. Búùṣì tó di ọ̀pá àárín mú lè ti fẹ̀, tí ọ̀pá náà fi ń họ ara ògiri. Wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kó gbẹ́ òmíràn láti ara idẹ. Orí bàbà méjì tó wà nínú àpótí kékeré orí sítátà, níbi tí iná ńlá ti ń fo, lè ti jó dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Réwáyà á yí bọ́ọ̀tì bàbà náà kí ẹ̀gbẹ́ tí iná kò tíì jẹ lè kọjú síra, sítátà á sì tún ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ láìra ohunkóhun. Èyí tó le jù ni kí wáyà inú rẹ̀ ti jó. Àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń ka iye ìyípo, wọ́n á tú ti àtijọ́, wọ́n á sì wé tuntun. Mo rò pé ẹni tó lè ṣe èyí nínú ṣọ́ọ̀bù pákó lẹ́bàá títì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ti fún sítátà ní iyì jù, nítorí a ṣì lè ti ọkọ̀ títí yóò fi jí. Lóòótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi máa ń gbé ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n típà tó kún fún iyanrìn kọjá ohun tí èjìká mẹ́wàá lè tì, ilẹ̀ iyanrìn tó tẹ́jú nítòsí ọ̀sà kò sì fún ni ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn lọ́rì tó ń lo afẹ́fẹ́ fún bíréèkì tún burú sí i: bí afẹ́fẹ́ bá ti tán nínú wọn, bíréèkì á di táyà mú, ẹ́ńjìnnì nìkan ló sì lè fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé. Títì jẹ́ ọgbọ́n ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò fẹ́ kí n tọpa iṣẹ́ yìí lọ sọ́dọ̀ Ògún àti àwọn alágbẹ̀dẹ, kí n sì sọ pé irin ni irin. Òótọ́ ni pé àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń bọ Ògún, ajá sì ti kú lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àmọ́ n kò ní fi ìfẹ́ ohun tiwa bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí iná ṣe ń yí irin. Èbúté Mẹ́ta, ilé iṣẹ́ Dawodu àti iṣẹ́ ológun ló kọ́ wa ní ìyẹn. Ohun tí ilé àgbẹ̀dẹ fún wa ni ọ̀nà tí ìmọ̀ ń gbà kọjá: ọmọ á jókòó ti ọ̀gá, á máa fẹ́ ẹwìrì, á máa wò, á sì gba òmìnira lọ́jọ́ kan níwájú ẹbí. Ìmọ̀ àjèjì wọ inú àpò tí a ti hun sílẹ̀. Mo ka èyí sí ohun tó ga ju kí a sọ pé a ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti àwọn oníbàárà tó ń sọ pé àwọn mẹkáníìkì títì ń ba ọkọ̀ jẹ́ ju bí wọ́n ti bá a lọ. Irú wọn wà. Ẹni tó fi bọ́ọ̀tì méjì di sítátà oníbọ́ọ̀tì mẹ́ta mú, tó sì gba owó, ti ṣẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá wé lè jó ọkọ̀ àti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò gbèjà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ẹ̀sùn náà pọ̀ sí i. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ó tó nǹkan bíi náírà mẹ́rin kí ènìyàn tó rí dọ́là kan ní 1987. Ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Tòkúnbọ̀, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, tí àwọn kan ń pè ní Bẹ́líjọ́ọ̀mù, gba ọjà. Ládípọ̀ ní Múṣin kún, Owódé Onírin, tí ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kún fún ẹ́ńjìnnì àti ìdí lọ́rì tí wọ́n tú láti òkè òkun. Ó wá rọrùn fún ọ̀gá láti sọ fún oníbàárà pé kó lọ ra sítátà tòkúnbọ̀, ju kó jókòó tú èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ á mọ yíyọ, á mọ dídè, kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àìmọ̀ tí à ń bínú sí lára àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì, ọjà tòkúnbọ̀ ló bí i.

Àwọn kan á ní tòkúnbọ̀ yára, pé típà tó dúró ọjọ́ mẹ́ta ti pàdánù owó ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé ìyẹn jẹ́ òtítọ́ fún onílọ́rì. Ṣùgbọ́n sítátà tòkúnbọ̀ jẹ́ sítátà tí ẹlòmíràn ti lò gbó, tí kò sí ẹni tó lè sọ bí búùṣì inú rẹ̀ ṣe rí kó tó wọ ọkọ̀. Bó bá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, réwáyà á tún gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ á tún wọ ibi tóóró yẹn. Òótọ́ náà ni pé àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé ní sítátà kéékèèké tí wọn kò ṣe fún títú. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó ń gbé iyanrìn fún wa kì í ṣe ìgbàlódé, yóò sì pẹ́ kí ó tó di bẹ́ẹ̀. Ní Gánà, àwọn oníṣẹ́ irin ní Suame Magazine ní Kumasi fi hàn pé àtúnṣe àti ìgbẹ́rin lè wà lójú kan, kí ìmọ̀ sì máa ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A kò ní láti wá àwòkọ́ṣe lọ sí ìlú òyìnbó.

Ìkòròdú ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ ní Odòmọ́là, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ pólítẹ́kíníìkì ìpínlẹ̀ Èkó tẹ́lẹ̀ ní Ìkòròdú sì di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2022. Àwọn àgbà réwáyà tó lè wé wáyà inú sítátà ṣì wà láàyè láàárín Ìgbògbò àti Ìkòròdú, ọjọ́ sì ń lọ lórí wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni kí wọ́n pè wọ́n wọlé, kí wọ́n fún wọn ní tábìlì àti owó oṣù, kí wọ́n má béèrè ìwé ẹ̀rí tí ẹnìkan kò fún wọn láyé wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn onílọ́rì kéré ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń ra kóńdẹ́m ń na owó nítorí bàbà inú sítátà àtijọ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní kílò, wọ́n á sì gbé e lọ. Kí ẹ tó gbé e sórí òṣùwọ̀n wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí réwáyà kan tú u wò.